Yíya pàǹtírí ilé sọ́tọ̀ láìba àyíká jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn onílé máa ń béèrè nípa pàǹtírí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dá lórí ohun kan: ìgbà wo ni ó yẹ kí a ya nǹkan sọ́tọ̀, àti níbo? Èrò wa ni pé ilé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ìṣẹ́jú tí nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lò ó. Orí èrò yìí ni a gbé àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí kà.

Kí ni ìdí tí màá fi máa ya pàǹtírí sọ́tọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ yóò kúrò nílé mi?

Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 ṣírò pé bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 2.01 ni pàǹtírí tí àwọn ìlú àgbáyé pèsè ní ọdún 2016, pé ó lè di bílíọ̀nù 3.40 ní ọdún 2050, àti pé ó kéré tán, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a kò bójú tó lọ́nà tí kò ní pa àyíká lára. Nínú ìṣirò kan náà, oúnjẹ àti ewéko nìkan kó ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yẹ kí onílé fi sọ́kàn jù nìyí, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ. Bí a bá da àjẹkù pọ̀ mọ́ bébà, páálí àti ike sínú àpò kan, omi yẹn yóò rin bébà, yóò mú páálí jẹrà, yóò sì sọ ike di ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ì bá fi owó rà ti di ẹrù ààtàn kó tó kúrò ní ilé ìdáná.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ náà ń ṣe ìpalára níbẹ̀. Lábẹ́ òkìtì ńlá tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí kò nílò ọ́síjìn ni yóò máa jẹ ẹ́, gáàsì méténì ni wọ́n sì máa ń tú jáde. Bí a bá fi 100 ọdún wọ̀n ọ́n, agbára tí méténì fi ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 27 sí 30 ti káàbọ̀n dáyọ́ksáìdì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni agbára mi ká, kí ni kí n ṣe?

Ẹ ya ohun tútù kúrò lára ohun gbígbẹ. Garawa méjì tó fún un: ọ̀kan fún èèpo èso àti ewébẹ̀, àjẹkù, egungun, èèpo ẹyin àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì tàbí kọfí, èkejì fún bébà, páálí, ike, ìgò àti agolo. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí ẹ ti ń gé nǹkan, tí ẹ sì ti ń fọ abọ́, nítorí pé bí ọ̀kan bá wà nítòsí, tí èkejì sì wà lẹ́yìnkùlé, èyí tó wà nítòsí ni gbogbo ará ilé yóò máa da nǹkan sí.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ gbogbo yín lára, ẹ wá àpótí kékeré kan tó ní ìdérí fún ohun tó léwu, bí bátìrì, gílóòbù àti oògùn tó ti kọjá àkókò rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Kì í yára kún. Garawa kan yóò sì wà fún ìyókù tí kò sí ibòmíràn fún: ìlédìí tí a ti lò, páàdì, erùpẹ̀ tí a gbá, àwo tó fọ́. Àwọn ìdílé kan a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú garawa mẹ́fà tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra, kí oṣù tó parí, wọ́n ti padà sí ọ̀kan ṣoṣo. Ó sàn kí ẹ fi méjì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ní ti àwọ̀ garawa, kò sí àwọ̀ kan tí gbogbo ayé fi ẹnu kò lé lórí. Ohun tí àwọn tó ń kó pàǹtírí ládùúgbò yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ṣé kí n sọ nǹkan di ọ̀tun ni ó ṣe pàtàkì jù ni, àbí ohun mìíràn wà tó ṣáájú rẹ̀?

Ohun tó ṣáájú wà. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2008 to ọ̀nà márùn-ún tẹ̀ léra, ètò náà sì bá làákàyè mu níbi gbogbo: àkọ́kọ́, kí pàǹtírí má wáyé rárá, lẹ́yìn náà, kí a tún nǹkan lò bó ṣe wà, kí a sọ ọ́ di ọ̀tun, ìyẹn kí a yọ́ ọ tàbí pò ó láti fi ṣe ohun mìíràn, kí a rí agbára tàbí àǹfààní mìíràn fà yọ nínú rẹ̀, ìkẹyìn ni kí a dà á nù. Ní ilé, oúnjẹ ni ibi tí ìpele àkọ́kọ́ ti so èso jù. Àjọ tó ń bójú tó àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò pé bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 1.05 oúnjẹ ni ó ṣòfò ní ọdún 2022, inú ilé àwọn ènìyàn sì ni nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti ṣòfò. Nítorí náà, ẹ máa wo ohun tó wà nílé kí ẹ tó lọ ra òmíràn, ẹ máa gbé èyí tó ti pẹ́ síwájú kí ojú lè tètè rí i, kí ẹ sì máa sè é ní ìwọ̀n tí yóò tán.

Báwo ni mo ṣe lè sọ pàǹtírí tútù di ajílẹ̀?

Àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí ló ń ṣe iṣẹ́ ajílẹ̀. Tiwa ni kí a fún wọn ní oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó bá wọn lára mu. Oúnjẹ wọn jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni ohun tútù tí nàìtírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, bí èèpo èso, ewébẹ̀ àti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Èkejì ni ohun gbígbẹ tí káàbọ̀n pọ̀ nínú rẹ̀, bí ewé gbígbẹ, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́, páálí tí a ya sí wẹ́wẹ́ àti èérún pákó tí a kò kùn ní ọ̀dà. Bí káàbọ̀n bá tó ìlọ́po 25 sí 30 nàìtírójìn, iṣẹ́ náà a máa yá jù lọ. Kò sí ẹni tó lè wọn èyí nínú ọgbà ilé, nítorí náà ẹ fi garawa ṣe òṣùwọ̀n: fún garawa ohun tútù kan, garawa ohun gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta.

Ẹ fi ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé, kí ẹ sì tò ó ní ìpele ìpele sórí rẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá da ohun tútù sí i, ẹ fi ohun gbígbẹ bò ó títí tí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ọ̀rinrin rẹ̀ yẹ kí ó dà bíi ti kànìnkànìn tí a ti fún: bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí ẹ sì fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ìkán omi kan tàbí méjì ni kí ó jáde. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i po ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra. Òkìtì tó tó mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga lè gbóná dé ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yìí ni ó sì ń pa irúgbìn èpò àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Òkìtì kékeré kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ajílẹ̀ rẹ̀ ṣì dára, àfi pé ó máa ń pẹ́, kò sì yẹ kí a ju èpò tó ti so tàbí ewéko tó ní àrùn sínú rẹ̀.

Èyí tí a ń yí déédéé lè ṣetán ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èyí tí a fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ṣetán nígbà tí ó bá dúdú, tí ó rọ̀, tí kò gbóná mọ́, tí ẹ kò sì lè dá èèpo tí ẹ dà sí i mọ̀.

Ẹran, ẹja, òróró, wàrà àti oúnjẹ tí a ti sè máa ń fa eku àti eṣinṣin wá, nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú garawa ohun tútù, kí wọ́n má wọ inú òkìtì ilé. Ìgbẹ́ ajá àti ti ológbò kò gbọ̀dọ̀ wọ ajílẹ̀ tí a ó lò fún ohun jíjẹ, nítorí kòkòrò àrùn tó lè wà nínú rẹ̀.

Òkìtì ajílẹ̀ mi ń rùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?

Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ kò dé inú rẹ̀ tàbí omi ti pọ̀ jù: ẹ yí i po, kí ẹ sì da ewé gbígbẹ tàbí páálí wẹ́wẹ́ sí i. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta ni nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, ohun tútù ló pọ̀ jù, ohun gbígbẹ náà ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá rùn, ṣùgbọ́n tí kò jẹrà, ó lè jẹ́ pé ó gbẹ jù, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.

N kò ní àyè lẹ́yìnkùlé. Ṣé mo lè ṣe ajílẹ̀ síbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ekòló kan wà tó máa ń gbé inú ohun tó ń jẹrà, kì í ṣe inú ilẹ̀. Èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù ni Eisenia fetida, tó pupa, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àpótí ike tí a dá ihò sí lára, tí a tẹ́ bébà tútù wẹ́wẹ́ sí, tó fún wọn. Ibòòji ni kí ó wà, nítorí ooru tó pọ̀ yóò pa wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ má sì fi kún un títí wọn yóò fi jẹ èyí tó wà níbẹ̀ tán.

Kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà tó wà nínú onígun mẹ́ta lábẹ́ ike? Ṣé ó túmọ̀ sí pé a lè sọ ọ́ di ọ̀tun?

Rárá, àṣìlóye yìí sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀. Ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ike ní Amẹ́ríkà gbé àwọn nọ́ńbà náà jáde, kí àwọn tó ń to ike lè mọ irú èròjà tí a fi ṣe é. Nọ́ńbà náà kò sọ bóyá ilé-iṣẹ́ kan nítòsí yín ń gbà á. Nọ́ńbà 1 ni PET, tí a fi ń ṣe ìgò omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nọ́ńbà 2 ni HDPE, tó le díẹ̀, tí a fi ń ṣe gálọ́ọ̀nù àti ike ọṣẹ olómi. Méjèèjì yìí ni ó rọrùn jù láti rí ẹni tó fẹ́ ẹ, nọ́ńbà 5, tí í ṣe PP, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdérí ìgò àti abọ́ ike, sì ń tẹ̀ lé wọn. Nọ́ńbà 4 ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá tó rọ̀. Ó máa ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń to pàǹtírí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ibi kì í fi gbà á pẹ̀lú àwọn ike yòókù. Nọ́ńbà 3, tí í ṣe PVC, irú èyí tí a fi ń ṣe páìpù omi, àti nọ́ńbà 6, tó ní ife fífúyẹ́ funfun nínú, ṣòro. Nọ́ńbà 7 jẹ́ àkójọpọ̀ gbogbo ìyókù.

Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní ọdún 2017 ṣírò pé, títí di ọdún 2015, bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 6.3 ni ike tó ti di pàǹtírí láyé, àti pé nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a sọ di ọ̀tun, a sun ìdá 12, ìdá 79 sì wà lórí ààtàn tàbí káàkiri nínú àyíká. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ike tí a kò rà rárá sàn ju èyí tí a rà, tí a sì yà sọ́tọ̀ dáadáa.

Ṣé dandan ni kí n fọ ike àti agolo kí n tó yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ ṣan wọ́n títí oúnjẹ yóò fi kúrò nínú wọn. Kò pọn dandan kí wọ́n máa dán. Omi tí ẹ ti fi fọ abọ́ tán ti tó fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ kí wọ́n tó dé inú garawa, kí omi ara wọn má baà rin bébà.

Bébà wo ni kò yẹ kó wọ garawa gbígbẹ?

Bébà tí òróró ti rin, bébà ìnujú, àti rìsíìtì dídán tí a fi ooru tẹ̀, nítorí kẹ́míkà tó wà lójú rẹ̀. Páálí wàrà àti ti omi èso máa ń ní ìpele ike, nígbà mìíràn alumíníọ́mù pẹ̀lú, kí ẹ béèrè kí ẹ tó kó wọn pọ̀. Bí bébà dídán kan bá rú yín lójú, ẹ rún un mọ́wọ́: èyí tó bá tún tẹ́ padà fúnra rẹ̀ ní ọ̀rá lára. Fọ́nrán inú bébà máa ń kúrú sí i ní gbogbo ìgbà tí a bá pò ó, nítorí náà nǹkan bí ìgbà márùn-ún sí méje ni a lè sọ ọ́ di ọ̀tun kó tó ṣá. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ìgò àti irin ńkọ́?

Àwọn méjèèjì lè yọ́, kí wọ́n sì tún padà di ohun èlò léraléra láìdín kù. Sísọ alumíníọ́mù di ọ̀tun ń dín agbára tí à bá fi ṣe é láti inú ilẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, agolo kan kò sì kéré jù láti yà sọ́tọ̀. Ẹ lè fi òòfà dá wọn mọ̀: irin a lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ́mù kò ní lẹ̀. Díńgí àti abọ́ gíláàsì tí a ń gbé sínú ààrò kì í yọ́ ní ìwọ̀n ooru kan náà pẹ̀lú ìgò, wọn kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn. Gíláàsì tó bá fọ́, ẹ fi bébà tó nípọn wé e, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e.

Wọ́n ní ọ̀rá tí mo rà máa ń jẹrà. Ṣé mo lè jù ú sínú òkìtì ajílẹ̀?

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún ibi ìṣajílẹ̀ ńlá tí ooru rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 58 fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀; òkìtì ilé kì í gbóná pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó dára fún ajílẹ̀ ilé nìkan ni kí ẹ lò. Oríṣi kan tún wà tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ike ni wẹ́wẹ́ yẹn ṣì jẹ́, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fòfin de irú rẹ̀.

Kí ni kí n ṣe sí bátìrì, gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́?

Pàǹtírí tó kéré jù nílé nìyí, òun náà sì ni ó léwu jù. Bátìrì lítíọ́mù, tó wà nínú fóònù, kọ̀ǹpútà àti iná tọ́ọ̀ṣì tí a ń gba iná mànàmáná sí, lè gbiná bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó sì ti ń fa iná nínú ọkọ̀ akólẹ̀ àti ní ibi tí a ti ń to pàǹtírí. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu rẹ̀ níbi tí iná ti ń jáde, kí ẹ sì mú un lọ síbi tí a ti ń gbà á. Èyí tó bá wú, ẹ má ṣe gún un, ẹ má sì ṣe tún gba iná mànàmáná sí i. Ẹ gbé e síta, sínú ohun onírin tí a da iyanrìn sí, jìnnà sí ohun tó lè jó. Bátìrì kékeré tó rí róbótó nílò ìṣọ́ra tó ju ti gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Gílóòbù gígùn àti èyí tó lọ́ ní mẹ́kúrì nínú, èròjà olóró kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata lé lórí ní ọdún 2013. Bí ọ̀kan bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ fi páálí líle kó o, kí ẹ fi téèpù yọ èyí tó kù, kí ẹ sì dì í sínú ohun tó ní ìdérí.

Ní ti ẹ̀rọ, mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62 ni ayé sọ nù ní ọdún 2022, ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé a kó jọ, tí a sì ṣètò rẹ̀ bó ti yẹ. Bàbà àti wúrà wà nínú wọn, òjé àti mẹ́kúrì náà sì wà níbẹ̀. Ẹ tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe, kí ẹ fún ẹlòmíràn ní èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì pa ohun tí ẹ kọ sínú fóònù rẹ́ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe fún ẹni tí yóò sun wáyà rẹ̀ kó tó rí bàbà yọ.

Oògùn tó ti kọjá àkókò àti abẹ́rẹ́ ńkọ́?

Ẹ má da oògùn sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí gọ́tà, torí yóò dé inú omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtajà oògùn tàbí ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ń gbà á padà. Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni, ẹ dì í pa sínú ọ̀rá, kí ẹ sì jù ú sínú garawa ìyókù. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ike líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ, tí a dé pa, tí a sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, kí ilé ìwòsàn gbà á.

Níbo ni kí n da òróró tí mo ti fi dín nǹkan, àti kẹ́míkà, sí?

Òróró tó wọ páìpù yóò dì, yóò sì dí i. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tó ní ìdérí. Àwọn ibìkan ń gbà á láti fi ṣe ọṣẹ tàbí epo ọkọ̀. Ọ̀dà, oògùn kòkòrò àti epo ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n bá a wá. Ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀ láé, ẹ má sì dà wọ́n sílẹ̀: omi ìfọṣọfunfun pẹ̀lú ohun tó ní amóníà nínú, fún àpẹẹrẹ, máa ń tú gáàsì olóró jáde.

Ṣé kò yá ju kí n dáná sun gbogbo rẹ̀?

Ó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni yóò fa èéfín rẹ̀ símú. Iná tí a ń dá lẹ́yìnkùlé kì í gbóná tó láti jó ike tán, pàápàá PVC, ó sì máa ń tú àwọn olóró tí à ń pè ní dayọ́síìnì jáde. Wọ́n máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì máa ń kó jọ sínú ọ̀rá ẹran tí a ń jẹ. Àdéhùn Stockholm, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2001, kà wọ́n mọ́ ohun tí ayé gbọ́dọ̀ dín kù. Eérú irú iná bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ fún ọgbà.

Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí ládùúgbò wa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ǹjẹ́ kí n ṣì máa yọ ara mi lẹ́nu?

Mo mọ̀ pé ó ń dun ènìyàn láti rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa bá a lọ. Pàǹtírí tútù tí ẹ sọ di ajílẹ̀ nílé kò dé inú ọkọ̀ náà rárá. Pàǹtírí gbígbẹ tó mọ́ kì í rùn, nítorí náà ẹ lè kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi tó èyí tí àwọn tó ń ra ike, páálí àti irin yóò wá gbé, tàbí tí ẹ ó fi gbé e lọ fún wọn. Àwọn tó ń ṣa ohun tó wúlò lórí ààtàn náà yóò rí ẹrù tó mọ́ gbé, láìfi ọwọ́ tú oúnjẹ jíjẹrà àti gíláàsì.

Èyí tó kù fún ọkọ̀ yóò kéré gan-an. Ẹ wá bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ kọ̀wé sí àwọn tó ń kó pàǹtírí pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ohun gbígbẹ nìkan. Ẹ kọ iye ilé tó ti ń yà á sọ́tọ̀ sínú ìwé náà, àti ìwọ̀n àpò ike àti páálí tí ilé wọ̀nyẹn ń kó jọ láàárín oṣù kan, nítorí ẹni tó ń ṣètò ọkọ̀ nílò láti mọ bí ẹrù náà ṣe tó kó tó lè yan ọjọ́ fún un.